Ọkọ̀ Tí Wọ́n Yá Wa Títí Tiwa Ó Fi Jáde

Àbámẹ́ta, 16 Ògọ́ọ̀sì 2025

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Mágàríbì.

Wọ́n gbá wa. Láti Ẹ̀pẹ́ la ti ń bọ̀. Mo lọ kí Mọ́mì mi. Oṣù mẹ́ta ni mo ti wọlé ọkọ, ìgbà kejì tí mo máa padà lọ nìyí. Adúmáradán, àbúrò ọkọ mi, ló wá fi ọkọ̀ wa, Siẹ́nà, gbé mi. A ti dé Ìmọ́tà. Ọkọ̀ iwájú dúró, àwa náà dúró. A dúró pẹ́, mo tiẹ̀ ń bó ẹ̀pà. Àfi gbì lẹ́yìn wa. Típà oníyanrìn. Apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan tí Mọ́mì rà fún wa lọ́jà Èjìnrìn fò láti ẹ̀yìn, ó bá mi léjìká, ẹja dà sí gbogbo ara mi. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Epo ẹja ni.

Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó dá lápá. Orúnkún mi nìkan ló bó. Alhamdulilahi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Siẹ́nà ti wọnú bí agolo mílíìkì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Dírẹ́bà típà bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní bíréèkì òun ò mú, ẹ̀bi òun ni. Ó sọ ọ́ lójú títì, ó tún un sọ ní tẹ́ṣàn.

Ní tẹ́ṣàn, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kọ ohun tí ojú ẹ̀ rí. Ọlọ́pàá wo gèlè mi, ó wo orúnkún mi, ó ní ṣé kí òun bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá. Èmi yìí! JSS Two ni mo ti dúró, ṣùgbọ́n mo lè kọ̀wé. Mo kọ ojú ìwé kan ààbọ̀ ní Yorùbá. Bí a ṣe dúró, bí típà ṣe ń bọ̀, pé Adúmáradán ló ń wa ọkọ̀ àti pé kò sáré rárá. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi fún ìwé ìjọba rí.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ọkọ̀ wa.

Àìkú, 17 Ògọ́ọ̀sì

Èyí ni mi ò fẹ́ gbàgbé. Nígbà tí Ẹni Mi dé tẹ́ṣàn lánàá, kò wo Siẹ́nà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Ó wá bá mi, ó lóṣòó, ó wo orúnkún mi níṣojú àwọn ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yẹn loúnjẹ wa.

(Ẹni Mi: ọkọ mi ni. Kò sẹ́ni tó máa ka ìwé yìí, síbẹ̀ mi ò lè kọ orúkọ ẹ̀ síbí. Mọ́mì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́: ẹnikẹ́ni tí o bá bá nílé ọkọ, bó jẹ́ ọmọ ọwọ́, o ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Fún un ní tìrẹ. Mo sì fún wọn. Àbúrò Ẹni Mi dúdú, ara ẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fòróró pa á, ni mo bá pè é ní Adúmáradán. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ní wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé wa. Ní báyìí, àwọn ará àdúgbò gan-an ti gbà á lẹ́nu mi.)

Ìṣẹ́gun, 19 Ògọ́ọ̀sì

Ọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ tó ni típà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé omi fún un, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó ní àwọn gbà pé dírẹ́bà àwọn ló jẹ̀bi, inṣọ́ránsì àwọn ni yóò tún Siẹ́nà ṣe, kí Ẹni Mi má yọ nǹkan kan lápò. Ó mú ìwé jáde, ojú mẹ́ta, òyìnbó ló kún un. Àwọn bàbá ìdílé tó bá Ẹni Mi jókòó ka ojú àkọ́kọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí Ẹni Mi fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Ùsmán páńẹ́bítà ti wọ́ Siẹ́nà lọ sí ọgbà rẹ̀ lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, a ó máa fi ara ọkọ̀ náà wojú bíi dígí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ò lè pa wá lára. Ọmọ méje ni Ẹni Mi máa ń kó lọ sílé-ìwé Mísìs Caroline láràárọ̀, tó ń kó wọn padà lọ́sàn-án. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Họlidé ni wọ́n wà báyìí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wọlé.

Jímọ̀, 22 Ògọ́ọ̀sì

Wọn ò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀.

Ọjọ́rú, 27 Ògọ́ọ̀sì

Mo bá Ẹni Mi lọ sí ọgbà Ùsmán. Siẹ́nà wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n rà ti dé — ti Siẹ́nà ọdún mìíràn ni, kò bá a mu. Ùsmán ní ẹ̀bi ẹni tó rà á ni. Ẹni tó rà á ní ẹ̀bi ẹni tó tà á ni. Inṣọ́ránsì ní kí wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà kí àwọn tó san ti èkejì.

Adìẹ kan ti sàba sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo fẹ́ lé e. Ùsmán ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní òun ló ń bá wa ṣọ́ ọkọ̀. Ẹni Mi rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìjókòó Tẹ́milọ́rùn ni, ọmọ tó máa ń bì bí wọ́n bá ti sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni Mi ló sọ fún mi. Ó mọ èyí tó ń bì, ó mọ èyí tó máa ń sùn, ó mọ èyí tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan báàgì òun.

Àbámẹ́ta, 30 Ògọ́ọ̀sì

Mísìs Caroline pè. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n gbá wa, wọ́n kí wa kú ewu. Wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ń bèèrè. Ọkùnrin kan tó ní bọ́ọ̀sì tuntun ti wá tọrọ ọ̀nà wa lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ Ẹni Mi, ọdún kẹrin rè é tí kò pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bó bá di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, tí àwọn ò tíì fojú rí ọkọ̀, bọ́ọ̀sì tuntun ni yóò kó àwọn ọmọ.

Ẹni Mi ní, "Ó máa ṣeé ṣe, Ma." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá jókòó, ó ń gé èékánná tó ti gé láàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo rí nǹkan kan!

Mo ń nu inú dúrọ́ọ̀, mo rí ìwé olójú mẹ́ta yẹn. Mo ní kí n kà á. Mo gbé díkíṣọ́nárì tí mo kó wá láti Ẹ̀pẹ́ jáde, mi ò tíì ṣí i látìgbà tí mo ti ṣe ìyàwó. Láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi pe ìrun Àìlà, ojú ìwé kejì ni mo ṣì wà. Ìrẹsì jóná. Ìyá béèrè ohun tó ń rùn, mo ní aṣọ kan ni.

Ojú ìwé kẹta, ìlà kẹrin láti ìsàlẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni pé: bí àtúnṣe bá ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ, tí ẹni tí kò jẹ̀bi bá ń fi ọkọ̀ rẹ̀ jẹun, wọn ó wá ọkọ̀ mìíràn fún un títí tirẹ̀ ó fi jáde.

Ọ̀la ni yóò pé mẹ́rìnlá.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Gbogbo àwọn bàbá yẹn ló jókòó, kò sẹ́ni tó rí i. Kí n má lọ dà bí ẹni tó gbọ́n jù. Bó bá sì jẹ́ pé mo kà á sódì ńkọ́.

Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo sọ fún un nínú yàrá, mo kọ ojú sí ògiri. Ó gba ìwé, ó kà á, ó tún kà á, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìwọ lo rí èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kó má bínú.

Ó kàn jáde ni. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún Ìyá ní pálọ̀, kò rọ ohùn sílẹ̀ rárá. Ó ní, "Gbogbo wa la jókòó ti ìwé yìí o. Ìyàwó ló kà á."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí bojú. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹni Mi lọ sí ọ́fíìsì inṣọ́ránsì. Ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láńre. Kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, ó ya òun lẹ́nu pé a rí i. Ó ní òun á yẹ fáìlì wò. Jímọ̀ ni ì bá fèsì, ṣùgbọ́n Mọ́lúúdù ni, ọ́fíìsì ò ní ṣí. Ó di Ọjọ́ Ajé.

Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀la, ọ̀la, ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kí ilẹ̀ là kí n wọlé síbẹ̀.

Ẹni Mi dé lọ́sàn-án. Mo ń bẹ ewùrà nínú kíṣìnnì. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yọ lẹ́tà, ó kà á fún mi ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè fún wa lọ́kọ̀. Wọ́n ní nínú ìwé tí a kọ ní tẹ́ṣàn, ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ sọ pé òun ni lágbájá, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ẹlòmíràn ni, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Adúmáradán. Kò sí láísẹ́ǹsì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni? Ó mọ ọkọ̀ wà? Títí wọn ó fi mọ̀ ọ́n, kò sí ọkọ̀ àyálò, àtúnṣe Siẹ́nà náà á dúró.

Ọ̀bẹ àti ewùrà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó tún jẹ́ pé òun ló bá mi ṣa ewùrà nílẹ̀. Ó ní òun ti ṣàlàyé fún Láńre pé orúkọ tí ìyàwó ń pe àbúrò òun ni. Láńre ní òun gbọ́, òun náà ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun kì í gba àlàyé àlejò lórí ìwé tí ẹlòmíràn fọwọ́ sí. Ẹni tó kọ ọ́ ni kó wá fúnra rẹ̀, kó wá pe orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀, kó tún un kọ. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ tí Mísìs Caroline dá.

Adúmáradán gbọ́ látìta, ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, o ò rí i, o ti sọ mí di ọ̀daràn tí wọ́n ń wá." Mo sá wọ yàrá.

Gbogbo ohun tí mo fi ń yangàn. Ojú ìwé kan ààbọ̀ yẹn.

Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò tíì pe orúkọ tí wọ́n sọ Adúmáradán rí. Kì í ṣe níta, kì í ṣe nínú ọkàn mi. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní balùwẹ̀ láàárọ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́. Ìdajì rẹ̀ ló jáde.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ni orúkọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yá mi lórúkọ wọn fún ọ̀la nìkan. Adúmáradán fa ojú ro bí adájọ́. Ó ní òun ò yáni lórúkọ lásán, ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan, kí ẹja inú ẹ̀ sì pọ̀ ju ewùrà lọ. Mo gbà. Ó ní kò tán o, kí n má fi ìyẹn kọ́ra, bó bá di Ọjọ́bọ̀ kí n padà sí Adúmáradán, nítorí àwọn ọmọbìnrin ti ń fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Ìyá. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ̀rù ti ń bà mí. Láti àná wọn ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ní bí wọ́n bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.

Wọ́n ṣa ẹ̀wà lọ díẹ̀. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlélógójì làwọn ti wọ ilé yìí. Wọ́n ní bàbá ilé ní àbúrò obìnrin kan, Eyínafẹ́ làwọn ń pè é. Ọjọ́ kan ara Eyínafẹ́ ò yá, kò sẹ́lòmíràn nílé, àwọn gbé e lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì ní kí làwọn á kọ sí káàdì. Ìyá ò lè pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ á fi dé.

Wọ́n ní, "Ó yè é, Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, mi ò lè wojú ẹ̀ dáadáa."

Wọ́n wá mú ọ̀kan nínú ẹ̀wà náà, wọ́n wò ó, wọ́n jù ú nù.

"Ọmọ tí ò ń wí yìí, èmi ni mo bí i. Èmi ni mo ní kí o lọ pè é. Màá sì tẹ̀lé ọ."

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ojú ìwé yìí ò ní tó mi.

Àwa mẹ́rin la lọ: Ẹni Mi, Ìyá, Adúmáradán, èmi. Mo wọ lèésì tí mo fi ṣe ìdáná. Ọ́fíìsì tutù bí inú fíríìjì. Láńre kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ó wọ awò ojú. Ó ní kí Ẹni Mi àti Adúmáradán dúró níta kí wọ́n má fi ojú sọ̀rọ̀ sí mi. Ìyá nìkan ló jẹ́ kí wọ́n wọlé, nítorí pé wọn ò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Ó fi ìwé tí mo kọ hàn mí. Ó ní ṣé ọwọ́ mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta ló ń wa ọkọ̀?"

Mo ní àbúrò ọkọ mi.

"Mo mọ̀, Ma. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo wo tábìlì. Ó dúró. Ó wo aago. Ó tún bi mí. Mo gbọ́ tí Ìyá ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò bá mi dá sí i, ògiri ni wọ́n ń wò. Mo rántí Ẹni Mi pẹ̀lú èékánná tó ti gé tán. Mi ò mọ ibi tí ohùn ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ló kọ́kọ́ jáde. Mo ní:

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ parọ́, orúkọ tó bá láísẹ́ǹsì mu ni mo máa kọ. Láísẹ́ǹsì náà wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn, mo lè wò ó kọ. Ohun tí mo ń pè é nílé ni mo kọ. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má pe ẹni tí mo bá nílé ọkọ lórúkọ, wọn ò kọ́ mi ní èyí tí màá ṣe bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá."

Láńre bọ́ awò rẹ̀. Ó ní ìyá òun ò pe bàbá àgbà òun lórúkọ rí, ṣùgbọ́n òun ò lè kọ ìyẹn sí fáìlì. Ó fún mi ní bírò.

Mo kọ ọ́. Màá tún un kọ síbí, mi ò fi í pamọ́ mọ́: *Ẹni tí mo pè ní Adúmáradán ni Abdulhakeem, àbúrò ọkọ mi. Òun ló ń wa ọkọ̀. A ti dúró kí wọ́n tó gbá wa.*

Láńre ní ó dára. Ó ní ó ku kí òun gbọ́ ọ.

Mo wo Ìyá. Ìyá ní, "Pè é."

Mo pè é. Mi ò mọ bí ohùn mi ṣe lọ sókè tó, àṣé mo ti kó gbogbo ohùn oṣù mẹ́ta jọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Adúmáradán yọ orí wọlé, ó ní, "Ẹ pè mí?"

Láńre wò ó, ó wo fọ́tò orí láísẹ́ǹsì, ó tún wò ó. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ní ọ̀gá òun lè béèrè ẹ̀rí mìíràn bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè ti jẹ́. Ó tẹ sìtáǹpù. Ìyá gbá tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan bí ẹni pé àwọn náà tẹ tiwọn.

Lójú ọ̀nà, nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Benson, Ẹni Mi ní, "Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún un. Ilẹ̀kùn yẹn ò nípọn." Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Aago mẹ́jọ: kò sí ọkọ̀. Aago méjìlá: Láńre ní ó ti kúrò ní yáàdì àwọn tó ni típà. Aago méjì: dírẹ́bà wọn ti ṣìnà, Ìgbógbó ló wà. Aago mẹ́ta: Ẹni Mi ti wọ bàtà, ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ bẹ Mísìs Caroline. Mo dì í lápá mú. Èmi. Mo ní kó dúró di mẹ́ta ààbọ̀.

Mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ló dé.

Ọkọ̀ fáànù funfun ni. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ya àwòrán típà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Iyanrìn wà nínú rẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ pé, bẹ́líìtì rẹ̀ pé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ ju ti Siẹ́nà lọ, kí Siẹ́nà má gbọ́. Ẹni Mi ò tiẹ̀ pa á. Ó ní kí n wọlé, a sáré lọ sílé-ìwé.

Mísìs Caroline yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní iyanrìn la fẹ́ kó ni, àbí ọmọ. Ẹni Mi ní, "Ma, iyanrìn kì í de bẹ́líìtì." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọnú rẹ̀, wọ́n fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan, méje. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ̀, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n ní ilẹ̀kùn yìí ò bá àwọn lára mu. Ti Siẹ́nà náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó ní lọ́ọ̀kì ọmọdé, èyí ò ní. Ọmọ lè ṣí eléyìí lórí ìrìn. Bí ẹnì kan bá máa jókòó ti ilẹ̀kùn yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ, àgbà, láràárọ̀ àti lọ́sàn-án, àwọn á gbà. Bí kò bá sí, àwọn á pe oníbọ́ọ̀sì.

Wọ́n ní ta ló máa jókòó níbẹ̀.

Ẹni Mi yíjú sí mi. Kò pàṣẹ. Ó kàn ń wò mí.

Mo ní èmi ni.

Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

A fọ fáànù. Iyanrìn tó jáde nínú rẹ̀ tó kún garawa. Ìyá ló ń pọn omi, a bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jókòó, wọn ò gbà.

Mo san gbèsè ìkọ́kọrẹ́. Adúmáradán jẹ àwo méjì, ó ní ewùrà ṣì pọ̀ ju ẹja lọ.

Ùsmán ní ilẹ̀kùn tó bá a mu ti dé, ó ku kíkùn. Mi ò bi í pé ìgbà wo.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú la jáde. Ẹni Mi níwájú, èmi lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń yọ̀. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú.

Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá ọmọ wo àwòrán típà, ó bi Ẹni Mi bóyá ó ti di oníyanrìn. Ó ní, "Wọ́n gbá tiwa, àwa kọ́ la jẹ̀bi. Ìyàwó mi ló gba èyí fún wa." Mo wolẹ̀. Ní ilé kejì, wọ́n bi í, ó tún un sọ. Ní ilé kẹta, wọn ò tiẹ̀ bi í, ó sọ ọ́. Nígbà tí a fi dé ilé karùn-ún, mi ò wolẹ̀ mọ́, mò ń kí àwọn ìyá wọn láti inú ọkọ̀.

Mo de bẹ́líìtì fún méje. Èyí tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan báàgì òun gbé báàgì náà lé mi lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀. Tẹ́milọ́rùn sùn lé mi lápá. Apá mi kú, mi ò gbé e kúrò. Kò bì.

Ní géètì, Mísìs Caroline dúró pẹ̀lú ìwé ńlá kan. Ẹni tó bá kó ọmọ wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ka àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, méje. Wọ́n ní orúkọ ta ni àwọn á kọ. Ẹni Mi ti ń la ẹnu láti orí ìjókòó, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, ìyàwó mi ni. Mo ti sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Ṣẹ̀rífátù, Ma."

Wọ́n kọ ọ́. Mo dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní aago méjì ni àwọn ọmọ á jáde, kí a má pẹ́ o. Èmi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọn ò wo iwájú ọkọ̀ rárá.

Mo ní mi ò ní pẹ́.